Páálí Kì í Ṣe Pàǹtí

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa ní Festac Town. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn kan nínú yín yóò kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Akọ̀wé kéde pé ọ̀rọ̀ páálí ni mo fẹ́ sọ, mo gbọ́ tí ẹnì kan wí lẹ́yìn pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ owó oṣù ti tán nílẹ̀ ni?" Ìbéèrè náà dára. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò tán nílẹ̀, kò sì ní í tán láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi owó oṣù náà rà nísinsìnyí, inú páálí ló ń bá wọlé. Ọ̀nà tí páálí náà yóò gbà jáde ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ óò sì rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ni pẹ̀lú.

BÍ PÁÁLÍ ṢE DI TIWA

Ẹ rántí pé ìlú tí a ń gbé yìí, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ń pè ní FESTAC wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn tó wá ṣeré láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni ìjọba pín ilé fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 1977 yìí kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ ìkólẹ̀ sílẹ̀, àjọ tí a mọ̀ sí LAWMA lónìí. Nítorí náà, Festac àti àjọ kólẹ̀kólẹ̀ Èkó, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ní àkókò náà, bí ìyá ilé bá fẹ́ ra ìkòkò tàbí bàtà ọmọ, yóò lọ sí ọjà Agboju, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Apẹ̀rẹ̀ tàbí báàgì ni yóò gbé lọ, ọjà nìkan ni yóò sì gbé bọ̀. Páálí tí wọ́n fi di ọjà náà wá láti òkèèrè kò ní í tẹ̀ lé e délé. Ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà ni yóò kù sí. Ìyá ọlọ́jà náà kò sì jẹ́ sọ ọ́ nù. Yóò tà á fún ẹni tó ń di ẹrù lọ sí òkè, tàbí kí ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọjà kí iyanrìn má bà á jẹ́. Títí di òní, ẹ lọ wo ọjà Trade Fair tàbí Alábà ní Ọjọ́, ẹ óò rí i pé ọlọ́jà mọ iye páálí. Ẹni tó bá mú òfìfo páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù láìtọrọ, ariwo ni yóò tẹ̀ lé e.

Nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2012, Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ sí í tajà ní Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìgbà náà, ẹ̀rù ń ba ènìyàn láti sanwó fún ọjà tí ojú kò rí, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbà kí á máa sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di 2020 tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó pa láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, àwọn tí kò tíì fi fóònù rajà rí kọ́ ọ ní tipátipá. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ wa ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram, àwọn mìíràn ń ra ọjà tààrà láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọ tó gun alùpùpù dé, ó fọn fèrè lẹ́nu géètì, ó gbé páálí lé yín lọ́wọ́, ó lọ.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, ẹ̀yin ará: páálí tí í ṣe ẹrù ọlọ́jà tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù onílé. Ìnáwó tí ọlọ́jà ìbá ṣe láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́, àwa la ń ṣe é nípa owó kólẹ̀kólẹ̀, a ò sì mọ̀ pé a ń ṣe é. Ìyá ọlọ́jà ń rí owó nínú páálí rẹ̀, àwa ń san owó kí wọ́n lè bá wa gbé tiwa lọ. Nǹkan kan náà ni o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ìyá ọlọ́jà pọ̀ lójú kan, ó gbẹ, ó sì tò ó. Tiwa fọ́n káàkiri, ó tutù, ó sì dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu.

OHUN TÍ PÁÁLÍ JẸ́

Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé etí páálí, ẹ óò rí i pé bébà mẹ́ta ni. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, èyí tó wà láàárín sì dà bí páànù òrùlé, ó ń lọ sókè sódò. Ìgbì àárín yìí ló fún un lágbára láti gbé ẹrù. Òun náà ló sì fà á tí páálí fi ń gba àyè tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ mú páálí kan tí kò tóbi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, àyè tí ó gbà jẹ́ lítà 24. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì òróró ńlá kan. Wàyí o, ẹ tú ìdí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó kù yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70, yóò fẹ̀ ní 50, nínípọn rẹ̀ kò sì ní í tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àyè tí ó gbà kò tó lítà 3. Èyí ni pé páálí mẹ́jọ tí a tẹ̀ yóò wọ inú àyè tí ẹyọ kan ṣoṣo tí a kò tẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá sọ páálí sínú garawa pàǹtí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó kí wọ́n bá òun gbé.

Kí ni wọ́n ń fi páálí àtijọ́ ṣe? Ẹ̀yin ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ó jọ ògì ṣíṣe. Ní ilé-iṣẹ́ bébà, wọn a da páálí sínú agbada omi ńlá tí irin ń yí nínú rẹ̀. Wọn a pò ó títí yóò fi di kíkì bí ògì. Wọn a wá sẹ́ ẹ, kí sẹ́lótéèpù, píìnì àti ọ̀rá lè dúró sókè, kí fọ́nrán igi tí wọ́n fi ṣe bébà náà sì sọ̀ kalẹ̀. Wọn a tẹ́ fọ́nrán yìí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a fún omi rẹ̀, wọn a yan án gbẹ, ó di bébà tuntun. A lè lo fọ́nrán kan náà tó ìgbà márùn-ún sí méje kí ó tó kúrú jù fún iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ń bà á jẹ́. Èkínní ni òróró. Òróró kì í bá omi rẹ́, kì í sì í fi fọ́nrán náà sílẹ̀. Nítorí náà páálí tí wọ́n fi di ẹran díndín tàbí púfúpúfú kò wúlò fún wọn. Èkejì ni ìdọ̀tí òun òjò. Páálí tí òjò pa, tí ó hu, tí ó ń rùn, ẹni tó ń rà á yóò yọ ọ́ sọ́tọ̀, tàbí kí ó dín owó rẹ̀ kù, nítorí pé kò ní í fẹ́ san owó páálí lórí omi.

Àwa òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtàn bébà ní ilẹ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ bébà ńláńlá mẹ́ta sílẹ̀: ti Jẹ́bà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, ti Iwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ti Oku-Iboku, tí wọ́n ṣí ní 1986. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn fọ́n ká, ìjọba sì ta ilé-iṣẹ́ náà fún aládàáni. Lónìí, ilẹ̀ òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà wa ti ń wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan wà ní Èkó àti ní Ògùn tó ń fi bébà àti páálí àtijọ́ ṣe tuntun. Òṣìṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀. Páálí gbígbẹ tí a bá sọ sínú gọ́tà, oúnjẹ ẹnì kan nínú wọn ni.

OHUN TÍ A Ń ṢE TÍ KÒ DÁRA

Ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà márùn-ún ni a fi ń ba nǹkan yìí jẹ́ ní Festac àti ní gbogbo Amuwo-Odofin.

Ọ̀kan: a ń tò ó sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ilé fúláàtì wa, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn yìí kan náà ni àwọn kan ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sí. Páálí gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo bẹntiróòlù, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọdé yóò gbà sá jáde! Ẹ rò ó wò. Aáyán ń yé sínú páálí, eku ń tẹ́ ilé sínú rẹ̀, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ ju igi lọ. Bí ikán bá jẹ páálí tán, férémù ilẹ̀kùn yín ló kàn.

Èkejì: gọ́tà. Ilẹ̀ wa kò ga, ẹrẹ̀ àti ọ̀sà ló yí wa ká. Gbogbo Èkó rántí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, bí omi ṣe wọ ilé tí ènìyàn sì bá a lọ. Páálí kì í yára jẹrà bí a ti ń rò. Yóò mu omi, yóò wúwo, yóò sùn sí ẹnu afárá gọ́tà, yóò sì di ìbùsùn fún ọ̀rá omi àti ike tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó jù ú sí gọ́tà lókè Close lè má rí omi nínú ilé tirẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa gbọ́n omi lóru.

Ẹ̀kẹta: a ń sun ún. Sẹ́lótéèpù wà lára rẹ̀, yíǹkì wà lára rẹ̀, ọ̀rá àti fóòmù wà nínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn ọmọ tí èémí kò dá dáadáa. Iná bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbọ́ ti onílé nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́.

Ẹ̀kẹrin: a ń fún ọlọ́mọlanke ní owó díẹ̀ ní alẹ́ kí ó bá wa gbé gbogbo pàǹtí lọ, a ò sì bi í pé níbo. Ẹ̀yin náà ń rí ibi tó ń dà á sí, àárín títì márosẹ̀ ni, tàbí etí ọ̀sà. LAWMA ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí a má fún wọn ní pàǹtí. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ sí i níhìn-ín: ẹni tí a fún ní pàǹtí àdàpọ̀ pé kí ó lọ sọ ọ́ nù, àti ẹni tó wá ra páálí gbígbẹ tí a ti dì, kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń fi owó ra nǹkan tí yóò lọ dà á sí àárín títì.

Ẹ̀karùn-ún: a ń dà á pọ̀ mọ́ pàǹtí fún mọ́tò PSP. Èyí sàn ju gọ́tà lọ. Ṣùgbọ́n bí omi ọbẹ̀ bá ti kàn án, ó di pàǹtí lóòótọ́, orí ààtàn ni yóò sì lọ. Ẹ rántí oṣù Kẹta 2018, nígbà tí ààtàn Olúṣosùn ní Ọ̀jọ́ta gbiná, tí èéfín rẹ̀ bo àwọn ará àdúgbò. Ohun tí a kò yà sọ́tọ̀ nílé, iná ni yóò yà á sọ́tọ̀ lórí ààtàn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ILÉ

Kí páálí tó wọlé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan mẹ́ta lọ́dọ̀ olùtà kan, ẹ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má bàa wá nínú páálí mẹ́ta. Ohun tí ó wà ní Agboju tàbí Trade Fair ní iye owó kan náà, ẹ fi ẹsẹ̀ lọ rà á, kí ẹ mú báàgì dání.

Bí ó bá wọlé tán, ẹ má yára fà á ya. Ẹ kọ́kọ́ dán ọjà náà wò. Bí kò bá dára tí ẹ fẹ́ dá a padà, páálí rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìgbà tí ọkàn yín bá balẹ̀ ni kí ẹ tó tú u, báyìí:

1. Ẹ bó ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, kí ẹ ya á wẹ́wẹ́. Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín àti ojúlé yín ló wà níbẹ̀. Gbájúẹ̀ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti pè yín ní orúkọ, kí ó ní ọjà yín wà lọ́dọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ má gbé páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun síta lójú gbogbo ayé. Olè náà mọ ìwé kà.

2. Ẹ yọ sẹ́lótéèpù, ọ̀rá àti fóòmù kúrò. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣe é, kí ẹ gé e síwájú, kí ẹ má gé e sí ara yín. Kí ọmọdé má ṣe é.

3. Ẹ tú ìdí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ.

4. Ẹ tò wọ́n, kí ẹ fi okùn dì wọ́n ní ọ̀nà méjì. Ẹ gbé ìdì náà lé orí búlọ́ọ̀kù tàbí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ nítorí ikán, kí ó sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

5. Èyí tí òróró bá bà jẹ́, ẹ má fi í sí i. Èyí tó tutù ṣùgbọ́n tí kò ní òróró, ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé lè tẹ́ ẹ lé orí koríko, kí ó da omi sí i, kí ó sì bu ilẹ̀ lé e. Koríko abẹ́ rẹ̀ yóò kú, páálí náà yóò jẹrà, a ó sì gbin ewédú síbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún lórí páálí kan. Bàbá ilé lè ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó nìkan.

ÀWỌN TÓ Ń ṢA PÁÁLÍ

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí àwa tó jí, ọkùnrin kan tàbí obìnrin kan ti gba ẹnu géètì wa kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ó ń ṣa ike, agolo àti páálí. Àwọn kan nínú wa ń lé e bí ẹni lé ajá. A ń pè é ní wèrè, a ń pè é ní olè. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹni tó jí ṣáájú yín, tó ru ẹrù ju tiyín lọ, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò ní ìsinmi àìsàn, tí ó jẹ́ pé iye kílò tó bá gbé wá ni yóò sọ bóyá yóò jẹun, kí ni a ń pè é bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́? Ọmọ tó gun alùpùpù gbé páálí náà wá, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tó gbé e lọ, òṣìṣẹ́ ni. Àwa tí a rà á, òṣìṣẹ́ ni wá. Kò sí ọ̀gá kankan láàárín wa tó yẹ kí ó máa lé ẹnì kejì rẹ̀ bí ajá.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Ní ìlú Pune ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tó ń ṣa bébà àti ìgò, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, kóra jọ ní 1993. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Kagad Kach Patra Kashtakari Panchayat, ìyẹn ni ìgbìmọ̀ àwọn tó ń fi bébà, ìgò àti irin ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n jà títí ìjọba ìlú fi fọwọ́ sí káàdì ìdánimọ̀ wọn, kí ọlọ́pàá má bàa máa pè wọ́n ní olè. Ní 2008, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, SWaCH, bá ìjọba ìlú náà ṣe àdéhùn láti máa gba pàǹtí lẹ́nu ọ̀nà àwọn onílé. Onílé ń ya gbígbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára tútù, òṣìṣẹ́ ń gbà á, ó ń ta èyí tó ṣe é tà, owó náà sì jẹ́ tirẹ̀. Ní Èkó wa níhìn-ín pàápàá, àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn àti ní òpópónà ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí a ń pè ní ASWOL. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÀBÁ MẸ́TA

Alága, n kò ní í jókòó láìfi àbá sílẹ̀ níwájú ìpàdé.

Àbá kìíní: kí Close kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wà wá ibi gbígbẹ kan tó ní òrùlé, kí àwọn onílé ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Kí gbogbo wa máa kó páálí wá síbẹ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ yẹn mọ́ wa lára. Láti ayé ìjọba ológun àárín 1980 sí i ni a ti ń fi í tún àyíká ṣe, kí ìjọba Èkó tó fagi lé òfin má-jáde rẹ̀ ní 2016. Ìjọba yọ tipátipá kúrò níbẹ̀ nígbà náà, ẹ jẹ́ ká fi ìfẹ́ inú wa ṣe é.

Àbá kejì: kí á tà á pọ̀. Ẹni tó mú ìdì kan lọ tà, owó kẹ́kẹ́ lè má kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Close mẹ́wàá bá kó tiwọn jọ, olùrà ni yóò gbé ọkọ̀ wá. Ẹ béèrè iye owó kílò kan lọ́wọ́ olùrà méjì ó kéré tán, kí ẹ sì lo òṣùwọ̀n tiwa, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tirẹ̀. Kí ẹni kan máa wọ̀n, kí ẹni kejì máa kọ ọ́, kí ẹni kẹta máa gba owó, kí a sì máa tẹ iye kílò àti iye owó sínú ìwé ìròyìn yìí ní oṣooṣù kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rí i. Nínú owó náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ ẹni tó ń bá wa kó o, kí á ra ìbọ̀wọ́ àti bàtà fún un. Ìyókù kí ó bọ́ sí àpò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ka wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé owó kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ tí a ń dá lóṣooṣù, kékeré kọ́ ni? Òun náà la fi ń sin òkú, tí a fi ń gba lọ́yà. Pẹ̀lú ìyẹn, owó tí a rí gbà lórí páálí kì í ṣe gbogbo èrè tó wà níbẹ̀. Gọ́tà tí kò dí jẹ́ èrè. Àtẹ̀gùn tí kò gbiná jẹ́ èrè. Garawa pàǹtí tí kò kún kí ọjọ́ mọ́tò tó pé jẹ́ èrè.

Àbá kẹta: kí Akọ̀wé kọ lẹ́tà ní orúkọ ẹ̀ka wa. Lẹ́tà kan sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí wọ́n má fi páálí ńlá di ohun kékeré, àti pé kí ọmọ tó ń gbé ọjà wá lè gba páálí òfìfo padà, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un. Ìlànà pé kí ẹni tó mú nǹkan jáde lọ́wọ́ nínú pípalẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà, nítorí pé àjọ NESREA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007, ní ètò kan lórí rẹ̀. Lẹ́tà kejì kí ó lọ sí Federal Housing Authority, sí ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin àti sí LAWMA, lẹ́ẹ̀kan náà, nínú àpòòwé mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó ní bàbá mẹ́ta ni Festac. Bí a bá kọ̀wé sí ọ̀kan, yóò ní kí á lọ bá èkejì. Kí á béèrè fún ọjọ́ kan lóṣù tí mọ́tò PSP yóò máa gba ohun gbígbẹ nìkan, fún àwọn Close tí olùrà kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwa la ní páálí, a kò ní ọkọ̀. Olùrà ní ọkọ̀, kò mọ ojúlé wa. Ẹni tó ń ṣà á mọ ojúlé, ṣùgbọ́n a ti géètì mọ́ ọn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti so àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Ẹ máa wo páálí tó bá wọlé yín láti òní lọ bí ìyá ọlọ́jà Agboju ti ń wò ó: ẹrù ni, owó ni, kì í ṣe pàǹtí, àfi tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ di pàǹtí.

Alága, mo fi àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ìpàdé láti dìbò lé lórí. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kí ó dìde kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa má tú o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.